Bí Ohùn Ìlù Bá Pọ̀ Ju Agbára Máìkì Lọ

Ọ̀rọ̀ òní kan gbogbo ẹni tí ó ní bàbá, ẹ̀gbọ́n tàbí aládùúgbò tí í ṣe onílù, tí ó sì ń fẹ́ gba ohùn ìlù rẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé. Láyé ìsinsìnyí, kò di ìgbà tí a bá dé ilé iṣẹ́ rédíò kí a tó ṣe é. Fóònù wà lọ́wọ́ wa, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré sì wà tí ó gba inú àpò. Ṣùgbọ́n ohun kan a máa ba iṣẹ́ náà jẹ́: ohùn ìlù a pọ̀ ju èyí tí ẹ̀rọ lè gbà lọ. Bí ẹ bá wá gbọ́ ohun tí ẹ gbà sílẹ̀, yóò máa dún bí aṣọ tí ń fàya.

Kí ni ó fà á? Ẹ wo igbá omi. Bí omi bá ti dé etí igbá, èyí tí a bá tún bù sí i, ilẹ̀ ni ó ń dà sí. Ẹ̀rọ pẹ̀lú ní etí tirẹ̀. Ohùn ìlù kì í sì í rọra wọlé. Bí kọ̀ǹgọ́ bá ti kan awọ, ohùn a fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí a ń lo téèpù, bí ohùn bá pọ̀ jù díẹ̀, téèpù a rọra tẹ̀ ẹ́ ba. Ẹ̀rọ òde òní kò mọ ìyẹn. Ṣe ni ó ń gé orí ohùn náà dànù. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Bí ẹ bá dín ohùn kù lẹ́yìn náà, ohun tó ti fọ́ náà ni ẹ sọ di kékeré.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ariwo lásán, nítorí ìlù wa ń sọ̀rọ̀. Dùndún kò ní ètè tàbí ahọ́n; ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ ni ó fi ń sọ tirẹ̀. Ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́, ohùn tó gbẹ̀yìn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ fóònù ni í máa dín ohùn kù fúnra rẹ̀ bí ìlù bá dún kíkan. Kí ó tó gbé e padà, onílù ti lu ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta mìíràn jẹ́ẹ́jẹ́, a kò sì ní gbọ́ wọn dáadáa. Oríkì ìdílé lè ti ibẹ̀ sọnù. Ọ̀pọ̀ àgbà ọmọ Àyàn kò kọ ohun tí wọ́n mọ̀ sínú ìwé. Bí èyí tí wọ́n lù fún wa bá bàjẹ́, a lè má rí òmíràn gbà.

Kí ni kí a ṣe? Èkíní ni ibi tí máìkì wà. Ẹ má ṣe gbé e sí ojú awọ gan-an. Bí máìkì bá wà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 2 sí ìlù, tí ẹ sún un dé 4, agbára ohùn a fi nǹkan bíi désíbẹ́lì 6 dín kù bí ẹ bá wà ní gbangba. Nínú yàrá, kò ní tó bẹ́ẹ̀, nítorí ògiri ń dá ohùn padà. Nítorí náà, ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀, kí ẹ sì fi aṣọ tó nípọn kọ́ sára ògiri. Bí máìkì bá sún mọ́ ìyáàlù jù, ṣaworo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pàápàá lè bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Bí gúdúgúdú bá wà níbẹ̀, ẹ má gbé e síwájú: ó kéré lójú, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ mú.

Èkejì ni bọ́tìnì tí a fi ń yí ohùn sókè sódò. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bẹ onílù kí ó lu ibi tí yóò ti le jù lọ. Bí ara rẹ̀ bá ti yá, yóò lù ú ju bí ó ti fi dánra wò lọ. Ẹ yí bọ́tìnì náà títí ohùn tó ga jù lọ yóò fi dúró ní ibi tí a kọ -12 sí. Òdo ni etí igbá. Ẹ má bẹ̀rù pé ohùn kéré. Ohùn tó kéré ṣeé gbé sókè lẹ́yìn náà.

Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá ti yí bọ́tìnì sílẹ̀ tí ohùn ṣì ń fọ́, ẹ mọ̀ pé kí ohùn tó dé ọ̀dọ̀ bọ́tìnì ni ó ti bàjẹ́. Àwọn máìkì kan ní bọ́tìnì kékeré tí wọ́n ń pè ní pad, tí í fi désíbẹ́lì 10 tàbí 20 dín ohùn kù. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá sí, ẹ lo irú máìkì tí àwọn akọrin ń mú lọ́wọ́, tí kò nílò iná mànàmáná tirẹ̀. Ó máa ń gba ìyà. Bí ó bá jẹ́ fóònù ni, ẹ gbé e jìnnà sí i.

Paríparí rẹ̀, ẹ gba ìṣẹ́jú kan péré sílẹ̀, kí ẹ fi gbọ́hùn etí gbọ́ ọ, kí ó tó rẹ bàbá onílù. Sùúrù ìṣẹ́jú díẹ̀ yìí ni yóò jẹ́ kí àwọn ọmọ ọmọ wa gbọ́ ohun tí ìlù náà wí, kí ó má baà jẹ́ ariwo rẹ̀ nìkan.