Òróró Inú Ìgò Kékeré àti Aboyún Ilé Wa

(Fóìsì ìyá wa, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí. A kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn tí dátà wọn ò gbé e.)

   

Àbúrò wa kan gbé fọ́tò ìgò òróró peppermint sórí gúrúùpù lánàá. Ó ní oyún òun ti pé oṣù mẹ́ta, èébì ò jẹ́ kóun dúró ní ṣọ́ọ̀bù, ṣé òun lè lò ó? Kí n tó dé, àwọn kan ti ní kó kán ẹ̀kán mẹ́ta sínú tíì gbígbóná kó mu ún. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́. Àmọ́ àbúrò mi, má mu ún. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé.

Òróró inú ìgò kékeré yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ òrí tàbí àdín àgbọn. Ewé púpọ̀, tàbí òdòdó, tàbí èèpo igi ni wọ́n sè, tí wọ́n gba oruku oje rẹ̀, tí gbogbo agbára rẹ̀ wá kó jọ sínú ẹ̀kán kan. Ewé míǹtì nínú tíì, oúnjẹ ni. Òróró míǹtì, oògùn líle ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá wọn mọ̀, ẹ kán ẹ̀kán kan sórí bébà funfun. Òróró lásán á fi àmì ọ̀rá sílẹ̀ níbẹ̀. Òróró olóòórùn gidi á fò lọ, àmì ọ̀rá kì í sábà kù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tà á sì mọ̀ pé èyí tí wọ́n ti lú pọ̀ lọ́jà, ohun tí wọ́n kọ sára ìgò lè má jẹ́ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìyí: aboyún kì í mu ún. Ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, ní 1978, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 18 kan mu òróró pennyroyal láti fi ṣẹ́yún. Mọ̀lẹ́bí míǹtì náà ni ewé yẹn. Nǹkan bíi mílílítà 30 péré ló mu, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bàjẹ́, ó sì kú ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Ìgò tí èèyàn lè fi ọwọ́ bò ni o.

Ìkejì, àwọn kan wà tí aboyún ò gbọ́dọ̀ mu, kò sì gbọ́dọ̀ fi para: pennyroyal, wintergreen, káńfọ̀, sage, rue, wormwood. Káńfọ̀ tí aboyún bá gbé mì máa ń gba inú olóbi kọjá sára ọmọ, ó sì lè fa gìrì. Wintergreen ńkọ́? Ṣíbí tíì kan ṣoṣo, agbára rẹ̀ ju ogún hóró aspirin lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń fi róòbù gbígbóná pa ẹ̀yìn lẹ́yìn ìdúró ọjà, ẹ ka ẹ̀yìn páálí. Tẹ́ ẹ bá rí “methyl salicylate”, òun náà nìyẹn. Ẹ má fi í ra gbogbo ẹ̀yìn àti ikùn lójoojúmọ́. Tí oyún bá ti tó oṣù márùn-ún, ẹ má fọwọ́ kàn án láìbi dókítà. Aṣọ lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti òrí tó.

Ìkẹta, tùràrí. Àwọn aládùúgbò wa fẹ́ràn turaren wuta, ó sì ń ta òórùn dáadáa. Àmọ́ èéfín ni, bí èéfín igi ìdáná. Ní oṣù kẹrin tí ooru Sókótó ń kọjá 40°C, kí aboyún má jókòó tì í nínú yàrá tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀. Kó kí onílé tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kó bọ́ síta.

Ẹni tó bá fẹ́ fi òróró bíi lavender para, kó jẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ̀kán mẹ́fà sínú mílílítà 30 àdín àgbọn, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kó kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa inú apá, kó dúró di ọjọ́ kejì.

Èébì yẹn wá ńkọ́? Jẹun díẹ̀díẹ̀, jẹ bisikíìtì gbígbẹ kó o tó dìde láàárọ̀, fi atalẹ̀ sí oúnjẹ. Ní Iran, wọ́n dán òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ wò lára aboyún 100, ìwádìí náà jáde ní 2014, ó sì dín èébì kù. Gé èèpo ọsàn wẹ́wẹ́, kó o máa gbóòórùn rẹ̀. Àmọ́ tí omi ò bá dúró nínú rẹ mọ́, tí ìtọ̀ rẹ dúdú, má dúró: UDUTH, Specialist, Maryam Abacha, èyí tó bá sún mọ́ ọ.

Ẹ má fi òróró lé ẹ̀fọn dípò nẹ́ẹ̀tì. Ibà máa ń pa aboyún. Láti oṣù kẹrin ni wọ́n ti ń fún aboyún ní Fansidar, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹta, ní ọjọ́ ìtọ́jú tí àwọn Hausa ń pè ní awo. Ẹ má bẹ̀rù o, kì í ṣe awo ilé wa!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi káńfọ̀ olóbìrìkìtì sáàárín aṣọ ọmọ tuntun, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ kan wà tí kò bá a mu, tí wọ́n ń pè ní G6PD, ó sì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ó lè mú kí ojú ọmọ pọ́n bí ìyeyè, kó ba ọpọlọ tàbí etí jẹ́. Ẹ fọ aṣọ náà, ẹ sá a sóòrùn.

Tí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì mu òróró wọ̀nyí, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì fipá mú un bì, torí ó lè wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, ẹ mú ìgò náà dání.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ọ̀rọ̀ yín ló kù. Kẹ́ ẹ tó ta á fún obìnrin, ẹ bi í pé, “Kina da ciki?” Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ sọ òótọ́ fún un, kódà kó má rà á. Ìgò kan tí a ò tà ò ní sọ wá di tálákà. Àlejò ni wá níbí, orúkọ rere ló ń bá wa ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó fi fóìsì sílẹ̀, màá dáhùn lọ́la. Ọlọ́run á sọ̀ wá kalẹ̀ láyọ̀ o. Ire.