Ọwọ́ Tó Wà Lọ́rùn Ẹṣin

Lónìí, ọ̀rọ̀ èèyàn àti ẹṣin ni mo gbé wá.

Ṣé ẹ rántí Ojúde Ọba ọdún 2024 ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin gba gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì? Gbogbo wa la pín in káàkiri. Ta ló wo àwọn tó ń fa ẹṣin?

Èmi náà ò wò wọ́n. Lọ́dún yẹn kan náà, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbéyàwó ní Ìbà, wọ́n sì háyà ẹṣin fún un. Bí spíkà ṣe bú sórin báyìí, ẹṣin dúró gbagidi. Wọ́n fà á títí, ó kọ̀. Ọmọ Hausa tó ń tọ́jú rẹ̀ wá ní kí wọ́n dín ariwo kù. Ó gbé ọwọ́ lé e lọ́rùn, ó ń bá a sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Kò pẹ́, ẹṣin tẹ̀lé e.

Kì í ṣe oògùn o. Lọ́dún 2016, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Sussex ní ìlú Ọba fi fọ́tò ojú èèyàn han ẹṣin 28. Nígbà tí wọ́n rí ojú ẹni tó ń bínú, ọkàn wọn tètè sáré ju ìgbà tí wọ́n rí ojú ẹ̀rín lọ. Ẹṣin ń ka ojú wa.

Fídíò tí mo gbé sórí Instagram ńkọ́? Mo ti gé ọmọkùnrin yẹn kúrò, kí ẹ̀gbọ́n mi lè yọ dáadáa.

Lóṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, mo lọ ra ẹ̀wà ní Alábà Rago, ní Ọ̀jọ́, la bá pàdé.

"Àǹtí, fídíò ọjọ́ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ yín? Ẹṣin mi ti kú. Mi ò ní fọ́tò ẹ̀ kankan."

Ojú tì mí. Mo ti pa ojúlówó fídíò náà rẹ́ kí fóònù mi lè láyè; èyí tí mo gé ló kù. Mo gbé e fún un. Ó wò ó, ó dá a dúró níbi tí ọwọ́ kan ti wà lọ́rùn ẹṣin.

"Ọwọ́ mi nìyí."

Mo fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Títí mo fi délé ní Òkòkòmáíkò, ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi.

Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ya fọ́tò lórí ẹṣin, ní òde àríyá tàbí létí òkun, ẹ ya ẹṣin àti ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ pọ̀. Kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí i. Fọ́tò lásán ni lójú yín. Ó lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo tó máa kù lọ́wọ́ tirẹ̀.

Ó dìgbà kan ná.