A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Ìbínú Òṣìṣẹ́ Ìjọba sí Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́

Àkọsílẹ̀ ohun tí mo sọ lórí ètò wa ti ọ̀sẹ̀ yìí nìyí, fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kíkà ju gbígbọ́ lọ.

  

Tí èèyàn bá dárúkọ Ọ̀tà, ilé-iṣẹ́ ńláńlá ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe tiwọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà láàárín wa ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: àwọn olùkọ́, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, àti àwọn tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni mo ti bá sọ̀rọ̀ nígbà tí mo ń kó ètò yìí jọ. Mo rò pé ìjọba ni gbogbo wọn máa fi èébú bọ̀. Wọ́n bínú sí ìjọba lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbínú tó gbóná jù lẹ́nu wọn, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló ń lọ bá. Olùkọ́ kan sọ ọ́ fún mi báyìí pé òun ò retí àánú lọ́wọ́ ìjọba, ẹgbẹ́ ni òun ń sanwó fún, ẹgbẹ́ náà ló sì ń dun òun.

Kí ló fa irú ìbínú yìí? Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀.

Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọjọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú, ó kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, epo tí à ń rà ní nǹkan bíi ₦190 lítà kan ti fò dé nǹkan bíi ₦500. Owó ọkọ̀ tẹ̀ lé e, gàrí tẹ̀ lé e, owó ilé náà ò gbẹ́yìn. Owó oṣù tó kéré jù lọ nígbà náà ni ₦30,000, èyí tí wọ́n sọ di òfin ní ọdún 2019. Kò kúrò lójú kan.

Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, NLC, ní àwọn máa bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà. Ní alẹ́ ọjọ́ 5, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ ti pàṣẹ pé kí wọ́n má ṣe é, tí wọ́n sì ti jókòó pẹ̀lú ìjọba, wọ́n dá a dúró kó tó bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n ṣe ti ọjọ́ méjì láti fi kìlọ̀. Wọ́n wá ní èyí tí kò ní gbèdéke máa bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá. Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ 2, wọ́n tún dá a dúró fún ọgbọ̀n ọjọ́. Ohun tí wọ́n gbà ni ₦35,000 lóṣooṣù fún oṣù mẹ́fà.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n kọ ₦35,000 yẹn fún. Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀tà kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ kì í ṣe é. Àwọn náà ti múra sílẹ̀ láti jókòó sílé pẹ̀lú àwọn yòókù. Nígbà tí wọ́n máa fi gbọ́, ọ̀rọ̀ ti parí, kò sì sí orúkọ wọn nínú rẹ̀.

Ọdún 2024 wá dé. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà, ìyanṣẹ́lódì bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́, kódà iná mànàmáná kú jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, wọ́n dẹ̀ ẹ́ lọ́rùn fún ọjọ́ márùn-ún. Kò tún bẹ̀rẹ̀ mọ́. ₦615,000 ni ẹgbẹ́ kọ́kọ́ béèrè. Wọ́n sọ̀ ọ́ sí ₦494,000, wọ́n sọ̀ ọ́ sí ₦250,000. Ní oṣù keje, wọ́n gba ₦70,000. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, owó epo kọjá ₦850 lítà kan. Àwọn olórí NLC fúnra wọn jáde, wọ́n ní ìjọba ti da àwọn.

Ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí, ₦77,000 ni gómìnà fọwọ́ sí ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn. Ìpínlẹ̀ Èkó ní ₦85,000. Ẹ̀yin ará Ọ̀tà, ẹ mọ ibi tí mo ń lọ. Láti Alákukọ sí Tollgate, ojú ọ̀nà márosẹ̀ kan náà ni. Ẹni tó ń gbálẹ̀ fún ìjọba lápá ọ̀hún àti ẹni tó ń gbálẹ̀ fún ìjọba lápá ìhín lè jọ wọ dánfó kan, kí wọ́n jọ ná ọjà Sango, iye kan náà ni wọ́n máa ra kọ́ńgò gàrí. Ṣùgbọ́n ₦8,000 ló wà láàárín owó oṣù wọn nígbà náà. Nígbà tí òṣìṣẹ́ tiwa béèrè pé báwo ni wọ́n ṣe fẹnu kò sí iye yìí, ta ni wọ́n rán lọ, kí lẹni náà sọ níbẹ̀, kò rí ẹni dá a lóhùn.

Nígbà tí kò sí ìdáhùn, àwọn èèyàn á fúnra wọn wá ìdáhùn. Ohun tí mo gbọ́ káàkiri ni pé wọ́n ti jẹun, wọ́n ti gba ẹ̀gúnjẹ. Èmi ò ní bá wọn sọ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi ẹ̀rí hàn mí, ọ̀rọ̀ orúkọ ọmọlúàbí kì í sì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ẹ jẹ́ ká sì ṣe òdodo: iṣẹ́ olórí òṣìṣẹ́ ò rọrùn nílẹ̀ yìí. Ìjọba ológun tú ìgbìmọ̀ aláṣẹ NLC ká ní 1988, nígbà tí ètò ìfúnlẹ́gbẹ́ SAP ń jó àwọn èèyàn lára, wọ́n sì tún tú u ká ní 1994. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, wọ́n mú Joe Ajaero, ààrẹ NLC, ní Òwérì, ó sì jáde pẹ̀lú ojú wíwú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, tí ilé ìwòsàn bá tì, aláìsàn ló ń jìyà. Tí ọjà bá tì, ẹni tó ń jẹun òòjọ́ ni ebi ń pa. Olórí tó bá ro gbogbo èyí kó tó ní kí ìyanṣẹ́lódì máa lọ, kì í ṣe òmùgọ̀.

Nítorí náà, kì í ṣe pé wọ́n dá a dúró ni ẹjọ́ tèmi. Ohun tí mo ń béèrè ni pé: ta ni wọ́n bi kí wọ́n tó dá a dúró?

Ẹ wo bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2012, epo fò láti ₦65 sí ₦141. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni iṣẹ́ fi dúró, tí èrò kún Ọ̀jọ́ta bámúbámú. Ní ọjọ́ 16, ìjọba sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ₦97, ẹgbẹ́ sì ní ó tó, kí kálukú padà sẹ́nu iṣẹ́. Títí dòní, àwọn tó wà ní Ọ̀jọ́ta lọ́jọ́ yẹn ń sọ pé wọ́n ta àwọn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, ìyanṣẹ́lódì yẹ kó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ 28 lórí owó iná àti owó epo. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé, wọ́n ti dá a dúró. Àwọn tó fẹ́ jókòó sílé kò tíì jí lójú oorun.

A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́.

Àwọn baba wa kan sì ti ṣe é tipẹ́. Ní 1945, ogun àgbáyé kejì ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n gógó, owó òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti rélùwéè kò kúrò lójú kan. Nígbà tí ọjọ́ ìyanṣẹ́lódì kù sí dẹ̀dẹ̀ ní oṣù kẹfà, àwọn kan nínú olórí wọn fẹ́ sún un síwájú. Àwọn òṣìṣẹ́ kọ̀. Wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀. Michael Imoudu, olórí òṣìṣẹ́ rélùwéè tí ìjọba òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ láti ibi tí wọ́n há a mọ́, dúró tì wọ́n. Ó ju oṣù kan lọ kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ lẹ́yìn náà ló dámọ̀ràn ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé lórí owó ìrọ̀rùn tí wọ́n ń gbà. Ojú irin tó gba Ìjokò kọjá nítòsí wa níbí wà lára èyí tí àwọn èèyàn yẹn ń ṣiṣẹ́ lé lórí.

Kí ló wá yí padà? Mo lọ ka òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, àti àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí i ní 2005. Òfin ní kí ìyanṣẹ́lódì tó lè bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ dìbò, kí èyí tó ju ìdajì lọ nínú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ fọwọ́ sí i. Òfin yìí le, ìjọba ló sì ń fi í dí ẹgbẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n mi ò rí i níbẹ̀ pé ká dìbò kí ìyanṣẹ́lódì tó dúró. Bíbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ní kí gbogbo wa dá sí. Ìparí wà lọ́wọ́ àwọn tó jókòó yí tábìlì ká ní Àbújá.

Nǹkan kejì ni owó ẹgbẹ́. Òṣìṣẹ́ tí ipò rẹ̀ ò tíì ga, ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n ń kà á sí, àyàfi tó bá kọ̀wé pé òun ò ṣe. Agbanisíṣẹ́ ló ń yọ owó náà lára owó oṣù, kó tó kan ọwọ́ ẹni. Èyí ṣàǹfààní, nítorí ẹgbẹ́ tí kò lówó kò lè jà. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: olórí tí kò ní láti wá bá ọ kó tó gba owó rẹ, kí ló máa mú un wá bá ọ? Ìyá kan fi ìwé owó oṣù rẹ̀ hàn mí. Ó ti ń san owó ẹgbẹ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún. Kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè kan rí.

Òfin kan náà ní kí ìwé òfin ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi àyè sílẹ̀ fún àyẹ̀wò owó, kí ẹni tó ní ìpín nínú owó náà sì lè rí àwọn ìwé ìṣirò. Ẹ̀yin tí ẹ ń sanwó, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka yín. Ẹ kọ ọ́ ní ẹni mẹ́wàá, kì í ṣe ẹnìkan ṣoṣo, torí àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ, pé èèyàn ò lè pe àìmọye òṣìṣẹ́ jọ lálẹ́ ọjọ́ kan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n mú àdéhùn wálé kí wọ́n tó buwọ́ lù ú. Kí ẹ̀ka ìpínlẹ̀ kà á sétí àwọn ọmọ ẹgbẹ́, kí ti ìjọba ìbílẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n ka iye ọwọ́ tó dìde, kí wọ́n fi èsì ránṣẹ́ padà. Ọjọ́ méjì tó o. Ìjọba tó fi ọ̀pọ̀ oṣù dá wa dúró lè fi ọjọ́ méjì dúró dè wá.

Òfin tuntun ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n máa tún owó oṣù tó kéré jù lọ yẹ̀ wò. Láti 2024, ọdún 2027 nìyẹn, ọdún ìdìbò sì ni. Ariwo máa pọ̀, ìlérí máa pọ̀. Tí ẹ bá dúró di ọdún yẹn kí ẹ tó béèrè ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórúkọ yín, alẹ́ ọjọ́ kan náà lẹ máa tún gbọ́ pé ó ti parí. Ìpàdé ẹ̀ka tí ẹ kì í lọ yẹn, ẹ lọ sí èyí tó ń bọ̀. Ẹ béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: tí ìyanṣẹ́lódì bá tún dé, ta lẹ máa bi kí ẹ tó dá a dúró?

Tí wọ́n bá dá yín lóhùn, ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa, a máa gbé e sórí ètò. Tí wọn ò bá dá yín lóhùn, ẹ fi ìyẹn náà ránṣẹ́. Ó dìgbà kan ná.