Àwọn Ọdẹ Tó Ń Ṣọ́ Awọ Ara Wa

 

Bí ilẹ̀ bá ṣú ní àdúgbò wa, ọdẹ ló ń ṣọ́ wa. Awọ ara náà ní ọdẹ tirẹ̀. Ní 1868, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan ní Berlin, Paul Langerhans, ló kọ́kọ́ rí wọn. Ó rò pé ara iṣan ìmọ̀lára ni wọ́n. Ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún kí iṣẹ́ wọn tó yé aráyé.

Iṣẹ́ náà nìyí. Bí kòkòrò àìsàn bá gba ojú ọgbẹ́ wọlé, sẹ́ẹ̀lì Langerhans á mú un, á gbé ẹ̀rí rẹ̀ lọ sí àwọn kókó tó wà lọ́rùn, lábíyá àti nítan, láti fi han àwọn ọmọ ogun ara. Àwọn wọ̀nyí á dé, ojú ibẹ̀ á wú, á gbóná, á máa dunni. Ìjà ni ara ń jà. Níbi tí kò bá sí ewu, sẹ́ẹ̀lì kan náà a máa pẹ̀tù sí i, nítorí ọdẹ gidi kì í fọn fèrè sí onílé.

Ibi tó ti kàn wá rèé. Ọ̀pọ̀ ìpara abóra ọjà ni wọ́n po sítẹ́rọ́ọ̀dù líle bíi clobetasol mọ́. Oògùn tó wúlò ni lọ́wọ́ dókítà, ṣùgbọ́n bí a bá ń fi para lójoojúmọ́, á dín àwọn ọdẹ yìí kù, á sì sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ẹni tó fi ra ojú làpálàpá á rí i pé yíyún rẹ̀ rọlẹ̀, inú rẹ̀ á dùn. Kò mọ̀ pé ọdẹ ni òun pa lẹ́nu mọ́. Olè ṣì wà nínú ilé, ó ń tàn kálẹ̀.

Ní 2023, ọ̀gá àgbà àjọ NAFDAC, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojisola Adeyeye, kìlọ̀ pé ọ̀ràn ìpara abóra ti di pàjáwìrì fún ìlera Nàìjíríà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká máa ka ohun tí wọ́n kọ sára ìpara ká tó rà á. Ẹ má fi abóra ra ọmọ lára. Ẹni tó ti ń lò ó pẹ́, kó má dédé já a sílẹ̀. Kó lọ rí dókítà. Àwọ̀ dúdú wa kì í ṣe àbùkù, ààbò ni lọ́wọ́ oòrùn.