Yíya Eré Ìdárayá Nígbà Tí Ìmọ́lẹ̀ Kò Bá Fara Rọ

   Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó fi iṣẹ́ yìí lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè ya eré ìdárayá nígbà tí ìmọ́lẹ̀ kò bá tó, tàbí tí ó bá wá láti ibi tí a kò fẹ́. N ó gbìyànjú láti sọ ọ́ kí ẹni tí kò fọwọ́ kan kámẹ́rà rí lè gbọ́ ọ, kí ẹni tó ń fi í jẹun náà sì rí nǹkan mú lọ sílé.

1. Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá

Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 1996, Chioma Ajunwa fò gígùn mítà 7.12 ní ìlú Atlanta, ó sì gba góòlù Òlíḿpíìkì. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó dá nìkan gba irú góòlù bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a kò tíì bí nígbà náà ló mọ ìfò yẹn, nítorí pé àwòrán rẹ̀ wà nílẹ̀.

Àwọn ọmọ tiwa náà ń sáré, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù ní Confluence Stadium níbí àti ní pápá àwọn ilé-ìwé wa. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwòrán tí a máa ń rí lẹ́yìn eré: jẹ́sì mọ́lẹ̀, nọ́ńbà hàn, orí ọmọ dúdú bí èédú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dà bí èéfín. Òbí kò lè fi irú rẹ̀ kọ́ ògiri. Kóòṣì tó wà ní ìlú mìíràn kò lè rí bí ọmọ náà ṣe ń gbé ara. Ayàwòrán náà kò sì ní rí owó rẹ̀ gbà tán, nítorí ẹni tí kò rí ojú ọmọ rẹ̀ kì í fẹ́ sanwó. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Nínú eré ìdárayá, ojú lọ̀rọ̀ wà lóòótọ́, nítorí ojú ni ayọ̀, ìrora àti ìpinnu ti ń hàn.

Ìṣòro yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1878, ní Palo Alto ní Amẹ́ríkà, Eadweard Muybridge to kámẹ́rà púpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kan láti mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹṣin máa ń kúrò nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ó bá ń sáré. Ó rí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ kò tó fún ìṣẹ́jú àáyá kékeré tó lò. Ohun funfun ló fi sẹ́yìn ẹṣin kí ìrísí rẹ̀ lè hàn. Ìrísí dúdú lásán tó fún ẹṣin. Kò tó fún ọmọ ènìyàn.

2. Ohun mẹ́ta tó ń darí ìmọ́lẹ̀

Ẹ fi wé omi ẹ̀rọ àti garawa. Bí omi yóò ṣe pọ̀ tó nínú garawa wà lọ́wọ́ bí ẹnu ẹ̀rọ ṣe fẹ̀ tó àti bí a ṣe ṣí i pẹ́ tó. Nínú kámẹ́rà, ojú lẹ́ńsì ni ẹnu ẹ̀rọ. Nọ́ńbà tó bá kéré ni ojú tó fẹ̀: f/2.8 fẹ̀ ju f/5.6 lọ, ó sì ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé ní ìlọ́po mẹ́rin.

Èkejì ni àkókò tí kámẹ́rà fi ń la ojú. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ẹni tó ń sáré mítà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò ti rìn tó sẹ̀ǹtímítà 17 kí kámẹ́rà tó la ojú fún 1/60 tó pa á dé. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ fi ń dà bí èéfín. Bí a bá lo 1/1000, sẹ̀ǹtímítà kan péré ni. Fún bọ́ọ̀lù, ẹ má ṣe jẹ́ kó lọ sílẹ̀ ju 1/800 lọ bí ìmọ́lẹ̀ bá gbà. Bí ẹ bá fẹ́ kí bọ́ọ̀lù tó ń kúrò lẹ́sẹ̀ dúró jẹ́ẹ́, ẹ lo 1/1600.

Ẹ̀kẹta ni ISO. Òun dà bí ìgbà tí a yí ohùn rédíò sókè. Ohùn yóò ga, ṣùgbọ́n ariwo tó wà nínú rẹ̀ yóò ga pẹ̀lú. Nínú àwòrán, ariwo yẹn ni a máa ń rí bí iyanrìn wínníwínní. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń bẹ̀rù iyanrìn yìí débi tí wọ́n fi ń lo àkókò gígùn. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àwòrán tó ní iyanrìn ṣùgbọ́n tí ojú hàn ketekete sàn ju àwòrán tó mọ́ tí ọmọ inú rẹ̀ ti di èéfín. A lè dín iyanrìn kù lórí kọ̀ǹpútà. Kò sí kọ̀ǹpútà tó lè dá ẹsẹ̀ tó ti yọ́ padà bó ṣe wà gan-an.

3. Láti aago mẹ́rin sí aago mẹ́fà

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni a sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ eré. Nígbà náà, bí oòrùn bá ń ràn dáadáa, f/5.6, 1/1600 àti ISO 200 lè tó. Bí oòrùn bá ti ń rọ̀ lọ sẹ́yìn Òkè Patti, tàbí tí òjò bá ṣú, ìmọ́lẹ̀ lè dín kù títí yóò fi ku ìdá kan nínú 32. Ojú wa kì í tètè mọ̀, torí ojú ènìyàn máa ń bá ìmọ́lẹ̀ lọ. Kámẹ́rà mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó ní lẹ́ńsì f/5.6 yóò ní láti gbé ISO rẹ̀ lọ sí 6400 kó tó lè dúró lórí 1/1600. Ẹni tó ní f/2.8 yóò lo ISO 1600. Bí ẹni yìí bá gbà láti sọ àkókò rẹ̀ di 1/800, ISO 800 ti tó o. Níbí ni owó lẹ́ńsì ti ń hàn. Nítorí náà, ẹ máa wo àwòrán yín láàárín eré, kí ẹ sì yí kámẹ́rà padà bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń yí. Ètò tí a ṣe ní aago mẹ́rin kò lè bá wa dé ìparí eré.

4. Lẹ́ńsì wo ni ká rà?

Ọ̀pọ̀ ń kó gbogbo owó lé kámẹ́rà tuntun, wọ́n sì ń fi lẹ́ńsì tó bá a wá yàwòrán. Lẹ́ńsì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń kéré lójú, pàápàá nígbà tí a bá fà á jìnnà. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ ra kámẹ́rà àlòkù tó dára, kí ẹ fi owó tó kù wá lẹ́ńsì.

Fún bọ́ọ̀lù àti eré sísá, 70-200 f/2.8 ni iṣẹ́ gbá mú. Lára kámẹ́rà tí inú rẹ̀ kéré, tí wọ́n ń pè ní APS-C, 200 yóò máa ríran bí 300. Ó wúwo tó kílò kan àtààbọ̀; ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ kan lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹni tí apá rẹ̀ kò ká a kó má sọ̀rètí nù. Lẹ́ńsì 50 f/1.8 kò wọ́n rárá, ojú rẹ̀ sì fẹ̀ ju f/2.8 lọ dáadáa. Ẹ dúró lẹ́yìn ojú ilé níbi tí wọ́n bá gbà yín láyè, kí ẹ dúró de eré kó wá bá yín. Fún ẹ̀ṣẹ́, taekwondo tàbí tẹníìsì orí tábìlì nínú gbọ̀ngàn, ó máa ń ṣiṣẹ́ gan-an.

Ẹlòmíràn lè sọ pé fóònù ti tó. Nínú oòrùn, fóònù ń gbìyànjú. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ń ṣú, ó máa ń la ojú pẹ́, tàbí kó pa àwòrán púpọ̀ pọ̀ sí ọ̀kan. Èyí dára fún ilé àti òkè. Ẹni tó ń sáré kì í dúró dè é.

5. Ojú dúdú, ọ̀run funfun

Kámẹ́rà kò mọ ènìyàn. Ó ń wo gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀, ó sì ń fẹ́ kó rí bí àwọ̀ eérú. Bí ọ̀run funfun bá pọ̀ lẹ́yìn ọmọ, yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò dín in kù, ojú ọmọ yóò sì ṣókùnkùn. Àwọn tó ṣe fíìmù láyé àtijọ́ pàápàá kò fi wá sọ́kàn. Àwòrán obìnrin funfun tí wọ́n ń pè ní káàdì Shirley ni iléeṣẹ́ Kodak fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fọ fíìmù láti mọ̀ bóyá àwọ̀ ara gún régé. Ó di àwọn ọdún 1990 kí wọ́n tó fi aláwọ̀ dúdú kún un.

Àtúnṣe wà lọ́wọ́ wa. Bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n kọ àmì + àti − sí. Bí ọ̀run bá wà lẹ́yìn eléré, ẹ gbé e sí +1 tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọ̀run bá funfun kọjá ààlà, kò burú. Ọmọ ni ẹ wá yà. Ọ̀nà tó sàn jù ni kí ẹ jókòó sílẹ̀ níbi tí igi, ògiri tàbí èrò ìwòran yóò ti wà lẹ́yìn eléré, kí oòrùn sì wà lẹ́yìn tiyín tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ dé pápá ṣáájú eré, kí ẹ mọ ibi tí oòrùn yóò wọ̀ sí. Bí káàdì yín bá ní àyè, ẹ ya RAW, torí ó ń jẹ́ ká lè fa ojú jáde nínú òkùnkùn díẹ̀.

6. Iná alẹ́ àti gbọ̀ngàn

Iná ìjọba àti ti jẹnẹrétọ̀ wa ń yí ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ọ̀pọ̀ gílóòbù sì ń tipa bẹ́ẹ̀ ṣẹ́jú nígbà 100. Ojú wa kò rí i. Kámẹ́rà tó ń lo 1/1000 rí i. Ìdí nìyẹn tí àwòrán kan fi ń mọ́lẹ̀, tí èyí tó tẹ̀ lé e ń ṣókùnkùn tàbí pọ́n. Àwọn kámẹ́rà kan ní ètò tó ń dúró de ìgbà tí iná bá mọ́ jù. Ẹ wá a nínú tiyín. Bí kò bá sí, ẹ ya mẹ́rin tàbí márùn-ún tẹ̀ léra, kí ẹ mú èyí tó dára.

Bí ìmọ́lẹ̀ bá kéré púpọ̀, ẹ dúró de ìgbà tí ara eléré fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró fúnra rẹ̀. Ẹni tó fò láti fi orí kan bọ́ọ̀lù máa ń dúró díẹ̀ ní òkè kó tó bọ̀ wálẹ̀. 1/400 lè mú un nígbà náà. Ní ti fíláàṣì, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń dín sí ìdá mẹ́rin bí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì. Kò dé àárín pápá rárá. Nínú gbọ̀ngàn, ó lè fọ́ ojú eléré, nítorí náà ẹ má lò ó láìgbàṣẹ.

Ẹ sì fi kámẹ́rà sí ètò tó ń tẹ̀ lé ohun tó ń rìn. Lára Nikon àti Sony, AF-C ni. Lára Canon, AI Servo tàbí Servo.

7. Ọyẹ́ àti ọ̀rinrin

Lásìkò ọyẹ́, eruku máa ń bo Lokoja, ó sì ń gba ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wa. Ẹ má ṣe pààrọ̀ lẹ́ńsì láàárín pápá; ẹ wọ inú mọ́tò tàbí yàrá. Lásìkò òjò, ọ̀rinrin odò méjèèjì tó yí wa ká máa ń mú kí ohun funfun bí òwú aláǹtakùn hù sínú dígí lẹ́ńsì. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú lẹ́ńsì àlòkù kí ẹ tó sanwó.

8. Ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lẹ́ńsì tí ọ̀dọ́ kan kò lè rà, ẹgbẹ́ lè rà á. Mo dábàá pé kí a ra lẹ́ńsì f/2.8 kan, kí a máa yá àwọn ayàwòrán wa lò ó fún owó kékeré tí a ó fi tọ́jú rẹ̀, kí ẹni tó bá lò ó sì máa fún ẹgbẹ́ ní ẹ̀dà àwòrán márùn-ún, pẹ̀lú orúkọ eléré àti ọjọ́ eré lẹ́yìn rẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́wàá, a ó ní ìwé ìrántí tí àwọn ọmọ wa yóò ti rí ojú ara wọn, àwọn ọmọbìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú.

 Ìmọ́lẹ̀ kò ní wọ́n wa o. Àṣẹ.