Ẹ Má Ṣe Ní Kí Àlejò Lọ Jókòó

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àwọn ìdílé ní Dún Laoghaire

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ wá síbí lọ́sàn-án yìí, mo kí yín o. Ẹ kú òtútù, ẹ kú ìnáwó ọmọ, ẹ kú iṣẹ́ òru. Ẹ̀yin tí ẹ ti ibi iṣẹ́ wá tààrà tí ẹ kò tíì sùn, Ọlọ́run yóò fún yín ní okun. Alága wa ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìrẹ̀lẹ̀ àti gbígba àlejò nínú ìjọ. Nọ́ọ̀sì ni mí, n kì í ṣe oníwàásù, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni n óò sọ. Apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò bù kún iyì mi.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkíni tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí yín yẹn. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń gba àwọn èèyàn wa sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú lójú òkun, Freetown ni wọ́n ń kó wọn lọ, ní ilẹ̀ tí àwọn bàbá wa ń pè ní Sàró. Ní ọdún 1822 ni Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, dé ibẹ̀, òun náà ni ó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ní 1864. Ẹ̀gbá wà níbẹ̀, Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀, Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ogun ń jà láàrin ìlú àti ìlú nílé. Ẹ ṣé ẹ mọ orúkọ tí wọ́n sọ gbogbo wọn ní Freetown? Àkú. Nítorí pé láti àárọ̀ dalẹ́, "ẹ kú, ẹ kú" ni wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu wọn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1844, nígbà tí Crowther kọ́kọ́ ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown, àwọn Àkú yìí ló péjọ láti gbọ́ ọ. Ìkíni ni ayé fi mọ̀ wá. Ìkíni kò wọ́n lẹ́nu wa títí di òní. Ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé ìkíni ni mo fẹ́ sọ.

Ní ọdún 2015, obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ìjọ tí mò ń lọ nígbà náà. Òun àti ọmọ rẹ̀ méjì ń gbé nínú ọ̀kan nínú àwọn ilé tí ìjọba ń kó àwọn tó ń wá ààbò sí. Ọkọ̀ méjì ni wọ́n ń wọ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn kan nínú yín ti gba ibẹ̀ kọjá, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ, ṣùgbọ́n kí n sọ ọ́ fún àwọn tí kò mọ̀. Ọdún 2000 ni ètò náà bẹ̀rẹ̀. Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, €19.10 ni wọ́n ń fún àgbàlagbà kan lọ́sẹ̀. Ọdún 2019 ni ó tó di €38.80. Wọn kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́. Ọdún 2018 ni wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn yẹn díẹ̀, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dá ẹjọ́ lórí rẹ̀ ní 2017. Nínú púpọ̀ àwọn ilé náà, kò sí ààyè láti dáná. Oúnjẹ tí wọ́n bá bù fún ọ ni wàá jẹ.

A kí obìnrin yìí, a sì kí i dáadáa. Ní ọ̀sẹ̀ kejì a di aṣọ ọmọdé fún un, a fi ìrẹsì àti ẹ̀wà sí i. Ẹ ò rí nǹkan, ìrẹsì tútù fún ẹni tí kò ní sítóòfù! Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Nígbà tó ṣe, a ń se oúnjẹ Ìdúpẹ́ Ìkórè, ó wọ inú kíṣìnì wá bá wa, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ní, "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, kí ni kí n bá yín ṣe?" Èmi ni mo dá a lóhùn. Mo ní, "Rárá o, ẹ lọ jókòó, àlejò wa ni yín." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ó jáde. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, a kò rí i mọ́.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni mo pàdé rẹ̀ létí òkun níhìn-ín, níbi tí àwọn èèyàn ti ń rìn gbẹ̀fẹ́. Mo ní ṣé a ṣẹ̀ ẹ́ ni. Ó ní a kò ṣẹ̀ òun. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó wá ní: "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ oúnjẹ àríyá ni mò ń ṣe ní Iléṣà. Mo ń se fún igba èèyàn. Ó ti tó oṣù mẹ́sàn-án tí mo ti di ọmọrogùn mú kẹ́yìn. Òórùn àlùbọ́sà tó ń ta sánsán ní kíṣìnì yín lọ́jọ́ náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́kún. Ẹ wá ní kí n lọ jókòó."

Mo fẹ́ sọ fún un pé apọ́nlé ni. Ọ̀rọ̀ náà kò jáde lẹ́nu mi, nítorí pé mo mọ̀ pé kì í ṣe apọ́nlé nìkan. Ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ mi ni ìjọ máa ń yìn ní gbogbo ìkórè, n kò sì mọ bí tirẹ̀ yóò ti dùn tó. Yàtọ̀ sí èyí, ó tẹ́ mi lọ́rùn láti jẹ́ ẹni tó ń fún un ní nǹkan. Ọwọ́ ẹni tó ń fúnni ló máa ń wà lókè, mo sì fẹ́ràn òkè.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe bí wọ́n ti gba èmi nìyẹn. Nígbà tí mo dé ní 2007, mo ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún méje nílé lẹ́yìn ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ní Abẹ́òkúta, síbẹ̀ wọ́n fi mí sábẹ́ ìṣọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí wọ́n tó forúkọ mi sílẹ̀. N kò gbọdọ̀ dá fún aláìsàn lóògùn. Ọmọdébìnrin kan tí mo fi ọdún márùn-ún jù lọ ló ń fọwọ́ sí ìwé mi. Mo ń sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹ má rò pé mo ń ṣàsọdùn. Ọjọ́ Ìsinmi tí mo kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní ìlú yìí, màmá àgbà kan, ọmọ Íríláńdì, wò mí. Kò fún mi ní nǹkan kan, kò bi mí léèrè ibi tí mo ti wá. Ó ní ọwọ́ ń ro òun, kí n jọ̀wọ́ bá òun gbé ìkòkò tíì ńlá yẹn. Mo gbé e, mo sì bu tíì fún gbogbo ìjọ. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo sùn, mo sùn wọra. Bóyá ìlú tí ó ti sìn ọ̀pọ̀ ọmọ rẹ̀ dé èbúté mọ nǹkan kan nípa àlejò ni. Ibí yìí ni wọ́n ti ń wọkọ̀ lọ sí Holyhead láti wá iṣẹ́ ní Ìlú Ọba, kí ọkọ̀ náà tó dáwọ́ dúró ní 2014.

Ẹ rántí alẹ́ tí Jésù wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, nínú Jòhánù orí kẹtàlá. Jésù tó tẹ̀ ba ni a máa ń wàásù lé lórí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo Pétérù. Ó kọ̀, kò fẹ́ kí a wẹ òun. Ó jọ ìrẹ̀lẹ̀ lójú, Jésù kò sì gbà á bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni láti wẹ èèyàn, n kò lè ka iye ẹsẹ̀ tí mo ti wẹ̀, kò sì ṣòro fún mi rí. Èyí tó ṣòro ni ìgbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, tí n kò lè dìde, tí ọmọbìnrin kan láti Philippines gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mo yíjú sí ògiri. Ìgbà yẹn ni mo mọ irú ẹni tí Pétérù jẹ́.

Kí n yà síbì kan díẹ̀. Arábìnrin kan láti Kerala, ní Íńdíà, ń bá wa sìn. Bí a bá ti wọ kíṣìnì, Yorùbá la máa ń sọ, àwàdà ń lọ, ẹ̀rín ń lọ, òun á máa wo fóònù. Èdè wa dùn, àwọn ọmọ wa sì nílò rẹ̀, n kò ní kí a pa á tì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ ní kó bá yín rẹ́ ata, ó yẹ kí ó mọ ohun tí ẹ ń rín.

Mo lọ bẹ obìnrin Iléṣà náà. Kò padà sí ìjọ wa. Ó ti rí ibòmíràn tí wọ́n ti fi í jẹ olórí ìdí ìkòkò. Mo lọ jẹun níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọbẹ̀ rẹ̀ dùn ju tèmi lọ, mo sì sọ ọ́ fún un lójú gbogbo èèyàn. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún bù sí i fún mi.

Ìwé iṣẹ́ àpèjẹ wa wà lórí tábìlì lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ìlà mẹ́rin òkè, ti àwọn olùdáná, ẹ̀yin tí ẹ ti pé ju ọdún kan lọ níbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ orúkọ yín síbẹ̀. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni yóò máa pàṣẹ, àwa yóò máa bó àlùbọ́sà. Èmi ti kọ orúkọ tèmi sí ìsàlẹ̀, níbi fífọ àwo, ààyè ẹni méjì ló sì ṣẹ́ kù níbẹ̀.