Ẹni Tó Sanwó Tí Kò Dúró

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa, elélùbọ́ l'Ọ́jà'ba, sọ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́)



Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìrànlọ́wọ́. Mi ò mọ̀wé, èlùbọ́ ni mò ń tà. Ohun tójú mi rí ni mo máa sọ.

Lọ́dún 2003, mo bí ọmọ mi kẹta, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé e jáde. Ọ̀sìbítù kan ni, mi ò ní dárúkọ wọn. Owó wọn jẹ́ 23,000 náírà. Mọ́tò ni ọkọ mi ń wà nígbà náà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ti nọ́ọ̀kì. Gbogbo ohun tá a rí kó jọ kò ju 9,000 lọ. Dókítà ní kí n máa lọ sílé, àwọn tó ń gbowó ní mi ò gbọdọ̀ jáde ní géètì. Wọ́n gba bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ mi, orí ẹní ni èmi àti ọmọ jòjòló ń sùn. Ibẹ̀ la ti sọ ọ́ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, ní kọ̀rọ̀ wọ́ọ̀dù. Màmá mi á gbé ẹ̀kọ wá láràárọ̀, á sì sunkún kó tó padà.

Lọ́jọ́ kan ṣá, nọ́ọ̀sì kan pè mí. Ó ní, "Ìyá Ìkókó, palẹ̀ ẹrù ẹ mọ́." Mo ní owó dà? Ó ní ẹnì kan ti san án. Mo ní ta ni? Ó ní onítọ̀hún ní kí àwọn má sọ. Ó fi rìsíìtì lé mi lọ́wọ́. Mo ní kí wọ́n bá mi kà á: orúkọ tèmi ló wà níbẹ̀, bí ẹni pé èmi gan-an ni mo san án. Ó ṣì wà nínú àpótí mi dòní.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó tẹ̀lé e. Nítorí pé mi ò mọ ẹni náà, mi ò lè yan ẹni tí màá bọ̀wọ̀ fún. Bí oníbàárà bá dúró níwájú ìsọ̀ mi, tó ń ná ọjà ní ìnákúnàá, tí inú bá fẹ́ bí mi, màá ní: àbí ẹni yìí ni? Ó ti lé lógún ọdún báyìí, mi ò tíì bú oníbàárà kan. Ẹ bi àwọn tá a jọ wà nísọ̀, wọ́n mọ bí ẹnu mi ṣe rí tẹ́lẹ̀.

Èmi rò pé tèmi nìkan ni, àfi ìgbà tí ọmọ mi ọ̀hún sọ ìtàn ọkùnrin kan l'Ékòó fún mi, Zeal Akaraiwe. BBC ròyìn rẹ̀ pé ó máa ń wọ ọ̀sìbítù, á ní kí wọ́n fi àwọn tí ara wọn ti yá tí gbèsè dè mọ́lẹ̀ han òun, á sanwó wọn, á bá tiẹ̀ lọ. Kò fẹ́ kí wọ́n wá òun wá láti dúpẹ́. Ohun tó ń fẹ́ ò ju kí wọ́n lè ròyìn lọ́jọ́ kan pé áńgẹ́lì kan wá, ó sanwó, ó lọ. Ẹni tó bá ní orúkọ rẹ̀ ti jáde nínú ìròyìn, kò fara pamọ́ mọ́, mi ò bá a jiyàn. Ẹni tó wà lórí ẹní lọ́sìbítù kò ní ráyè irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀.

Èyí tó wù mí jù, olóúnjẹ bíi tiwa ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ọdún 1971 ni, nílùú kékeré kan tó ń jẹ́ Houston, ní Mississippi, l'Amẹ́ríkà. Owó ti tán lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Larry Stewart, inú mọ́tò ló ń sùn. Ebi lé e wọ búkà, ó jẹun, ó wá ń tú àpò bí ẹni tówó rẹ̀ sọnù. Ted Horn tó ni búkà ti mọ̀. Kò pariwo, kò ní kó wá fọ abọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ nídìí àga, ó ṣe bí ẹni he ogún dọ́là, ó ní àfi bíi pé ọwọ́ rẹ̀ ló ti bọ́. Larry sanwó oúnjẹ, kò tẹ́ lójú ẹnikẹ́ni. Ẹ bá mi wo ọgbọ́n yẹn! Ìtìjú ló kọ́kọ́ bá a bò. Nígbà tí Larry lówó, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi ń pín owó fún àwọn tí kò mọ̀ rí nígbà Kérésìmesì, ó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là, kò dárúkọ ara ẹ̀. Lọ́dún 1999, ó wá Horn kàn, ó fún un ní 10,000 dọ́là. Ọdún 2006 tí jẹjẹrẹ ti mú un ló tó jẹ́ káyé mọ òun, ó sì kú ní January 2007.

Àwọn ìyá tiwa náà ṣe é. Àmù omi lẹ́bàá ọ̀nà, igbá lórí ẹ̀, ta ló ń bi èrò pé ọmọ ta ni?

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni owó ìrànlọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa. Bá a bá ran ẹnì kan lọ́wọ́, a máa ń ka orúkọ rẹ̀ sétí ìpàdé, a ó sì ní kó dìde kó dúpẹ́. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú wa ṣàìsàn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ tó fi ń lọ ata ló tà. Nígbà tá a gbọ́, mo bi í pé kí ló dé. Ó ní òun ò lè dìde.

Wọ́n á ní bá ò bá ka orúkọ, owó á rá. Kí alága, akápò àti ẹni tó ń yẹ ìwé owó wò mọ̀. Kí wọ́n ka iye owó fún gbogbo wa, kí wọ́n fi orúkọ sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì fẹ́ kí wọ́n kéde yín bẹ́ ẹ bá dáwó, mi ò bá yín jà, èmi náà fẹ́ràn ìlù.

Mo ti bá alága sọ ọ́. Ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ la ó fọwọ́ sí i tàbí ká kọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá, ẹ má pẹ́.